Nọ́ńbà Ìlú Òyìnbó ní Ìkòsí

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, 2025

Mo ra ìwé yìí ní Kétu lánàá torí pé ọ̀rọ̀ ti kún inú mi, mi ò sì fẹ́ máa dà á lé Mojeed lórí. Ọkọ mi ń gbìyànjú, àmọ́ tí mo bá ti dárúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì báyìí, ńṣe lojú rẹ̀ á máa pa dé díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo tíì lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí, wọ́n sì ti fi àmì burúkú méjì sí orúkọ mi. Aunty Wùmí tó dá kíláàsì Yorùbá náà sílẹ̀ ní London ti sọ ọ́ láti ọjọ́ kìíní pé títí di ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá làwọn máa fi wò mí, àti pé bí kíláàsì bá já mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn á wá ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó já. Lánàá, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀yà ara, bí mo ṣe dé orí orúnkún báyìí ni gbogbo ojú wọn dì sórí láptọ́ọ̀pù, ẹnu Ọlábámijí, ọ̀kan nínú wọn, ṣì là sílẹ̀. Kí n tó rí ọ̀nà padà wọlé, ogún ìṣẹ́jú ti lọ, àwọn òbí sì ti bínú jáde.

Ó ku ẹyọ kan.

Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi pè mí ní Aunty Rùkáyátù nílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tó wà lẹ́yìn ilé wa, kí onílé tó tà á fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà náà, tí mo bá gbọ́ ohùn ọmọdé tó ń ka A, B, D, ọkàn mi á máa fà síbẹ̀. Mo fẹ́ iṣẹ́ yìí. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo ti ń lá àlá rẹ̀.

Àmọ́ inú kòtò ni ilé wa wà, nítòsí kánáàlì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Tèmi máa ń sá tí òjò bá ti ṣú. Ti Mojeed ń wá, ó ń lọ. Ti Cecilia tó ń ta ẹja dídì, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, kì í kúrò nítòsí fèrèsé rẹ̀. Ti Ràímì oníkẹ̀kẹ́ sì wà lẹ́nu géètì nìkan. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí èyí tó ń jókòó pẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 8

Faridah àbúrò mi pè láti Manchester. Mo rojọ́ mi fún un, ó bú sẹ́rìn-ín. "Sister mi, ẹ wo inú báàgì tí mo fi sílẹ̀ nígbà Iléyá. Sím ibí kan wà níbẹ̀. Ẹ fi sínú fóònù yín. Wọ́n ń yọ owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi lóṣooṣù, mi ò sì rí i lò."

Ó ní sím náà ò ní ilé ní Nàìjíríà, àlejò ni, ìdí nìyẹn tí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń gbà á. Èyí tó bá lágbára jù lásìkò náà ló máa wọ̀ sí. Bí ìyẹn bá rẹ̀, á sáré wọ òmíràn. Mo fi sí i. Fóònù ronú fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ní òun ti wà. Mo wo fídíò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò dúró mọ́ mi lójú lẹ́ẹ̀kan.

WhatsApp bi mí bóyá mo fẹ́ fi nọ́ńbà tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi dùn lásìkò yẹn, kò sí ohun tí mi ò lè tẹ bẹ́ẹ̀ ni sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 9

Kíláàsì pé wákàtí kan gbáko. Òjò ń rọ̀, kò já! Mo jó nínú kíṣìnnì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11

Fóònù mi ti gbà pé Manchester lòun wà. Láàárọ̀ yìí tí oòrùn ń jó mi lórí láti Mile 12, ó ń kìlọ̀ fún mi pé òtútù máa mú, kí n má gbàgbé kóòtù. Ìpolówó ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ló kún inú rẹ̀. Mo fi han Mojeed, ó ní kí n bi í bóyá iná ń wà déédéé lọ́hùn-ún.

Ata rodo ti gbówó lórí o. Abọ́ tí mò ń rà ní ẹgbẹ̀rún kan ti di ẹgbẹ̀rún kan àti ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta, onítọ̀hún ò sì fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 13

Wàhálà dé, àmọ́ ẹ̀rín ni mò ń rín.

Bẹ́ẹ̀ ni tí mo tẹ lọ́jọ́sí, ńṣe ni WhatsApp lọ ròyìn fún gbogbo ẹni tó mọ̀ mí pé Rùkáyátù ti yí nọ́ńbà, nọ́ńbà náà sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 44, ti ìlú òyìnbó. Gbogbo ará ilé wa ní Ṣakí ló rí i. Uncle Shittu, àbúrò Màámi, ló kọ́kọ́ kọ̀wé: "Ọlọ́run tóbi! A kú oríire o. Má gbàgbé wa." Lẹ́yìn náà ni Màámi fúnra wọn pè.

"Màámi, mi ò lọ síbì kankan. Ìkòsí ni mo wà."

"Mo gbọ́. Má pariwo."

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Sím Faridah ni..."

"Mo ní mo gbọ́, ọmọ mi. Ibi tó o bá wà, ibẹ̀ náà la ó máa pè ní Ìkòsí."

Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ lọ sókè òkun kì í sọ fún ẹnikẹ́ni títí á fi balẹ̀. Faridah gan-an, Abuja ló ní òun ń lọ. Bí mo ṣe ń jiyàn tó ni mo ń jẹ́ kó dá wọn lójú tó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16

Mo fi fídíò pe Màámi kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí ilé wa. Mo gbàgbé pé mo ṣì ta aṣọ funfun tí mo fi ń ṣe kíláàsì sẹ́yìn mi.

"Ilé yẹn mà mọ́ o," wọ́n ní.

Mo sáré gbé fóònù yí ká, mo gbé e lé ojú Mojeed níbi tó ti ń jẹ ẹ̀wà. "Màámi, ẹ wò ó, Mojeed rèé!"

Màámi pariwo: "Áà! Ó ti mú Mojeed náà lọ!"

Ẹ̀wà há Mojeed lọ́nà ọ̀fun. Mo jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà fún Ọlọ́run.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 24

Ìlú ti gbọ́ pé mo ní dátà. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún wọn, àbí kí n sọ òótọ́, èmi ni. Àná ni Cecilia kan ilẹ̀kùn: "Aunty Ruka, abeg, on that your hotspot small, make I send picture of fish to one customer." Àwòrán ẹja di fíìmù apá kìíní àti apá kejì. Ràímì náà dúró lẹ́bàá fèrèsé: "Aunty mi, ẹ ṣàánú mi, bọ́ọ̀lù ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà gba wákàtí méjì.

Báwo lèèyàn ṣe ń sọ pé rárá fún ẹni tó ń bá a ká aṣọ nígbà òjò? Mi ò sọ ọ́. Láàárọ̀ yìí ni ìkìlọ̀ wá: dátà oṣù yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọ̀sẹ̀ kan sì kù kí ti oṣù tuntun tó wọlé. Kíláàsì méjì ló wà nínú ọ̀sẹ̀ náà.

Mo yí pásíwọ́ọ̀dù padà. Mo rọra ṣe é bí ẹni ń jalè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 27

Kíláàsì pé. Cecilia ò kí mi. Ó gba iwájú mi kọjá pẹ̀lú abọ́ ẹja, ó ń kọrin ìjọ, ó sì pariwo orin náà níbi tí wọ́n ti dárúkọ ahun. Mi ò rò pé ó wà nínú orin yẹn tẹ́lẹ̀.

Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá

Oṣù tuntun, dátà tuntun. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ ni ti Ọlábámijí.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ, Croydon ní London ni wọ́n bí i sí. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, bí mo bá bi í ní Yorùbá, á fi òyìnbó dáhùn, tàbí kó kàn máa wò mí. Ìyá rẹ̀ ti bẹ̀ mí títí. Lónìí, bí mo ṣe ń kọ́ wọn ní ìkíni, àkùkọ onílé wa kọ kíkankíkan lẹ́yìn mi. Ọmọ náà fò sókè lórí àga: "Adìẹ!"

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9

Ilé iṣẹ́ tó ni sím náà kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní àwọn nírètí pé mò ń gbádùn ìsinmi mi. Wọ́n ní ó ti lé ní oṣù kan tí mo ti kúrò nílé, pé ìrìn àjò ni wọ́n ṣe àǹfààní náà fún, kì í ṣe fún ẹni tó ń gbé òkèèrè. Bí mi ò bá tíì padà sílé kí ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí tó parí, wọ́n á ti dátà náà pa.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n sì ni kíláàsì ìkẹyìn, tí wọ́n sún láti Àbámẹ́ta sí Àìkú, èyí tí Aunty Wùmí àti gbogbo òbí máa jókòó wò, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Ọjọ́ méjì péré ló dá èmi àti iṣẹ́ mi láàárín.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 10

Faridah pè wọ́n nítorí mi, ó bẹ̀ wọ́n. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní kò sí wàhálà, kí ẹni náà ṣáà padà wálé ni.

Mo ti wà nílé. Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 15

Mo wà nídìí ẹ̀rọ omi láàárọ̀ yìí, ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́ mi, nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnìkan sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo yíjú padà. Màámi ni, pẹ̀lú àpò ẹ̀gúsí àti ike wàrà Ṣakí, wọ́n ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìgbà wo lo dé?" wọ́n bi mí.

"Màámi, ẹ káàbọ̀ mà. Mi ò lọ síbì kankan."

Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé wọ́n dá ẹ padà ni?"

Mo fi ọwọ́ ọṣẹ dì mọ́ wọn, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ilé wa ni wọ́n wá ṣọ́, wọ́n rò pé ó ti ṣófo. Mo mú wọn wọlé, mo tú fóònù níwájú wọn, mo yọ sím náà, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. "Nǹkan tó kéré tó báyìí ni mo ṣe sàárà lé lórí?"

Wọ́n dá a padà fún mi. "Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn ní Ṣakí? Wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá London."

Ẹ̀rín mi gbẹ. Mi ò parọ́ fún ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ojú tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 17

Màámi kíyè sí i pé Cecilia ò kí mi. Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Nítorí afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rí?" Wọ́n bu wàrà sínú abọ́, wọ́n gbé e lọ sí yàrá Cecilia, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Wọn ò gbọ́ òyìnbó kankan, Cecilia náà ò gbọ́ Yorùbá Òkè-Ògùn. Mo ṣáà ń gbọ́ ẹ̀rín.

Ní ìrọ̀lẹ́, Cecilia kí mi. Mo tọrọ àforíjì. Ó ní, "Aunty Ruka, you for just tell me say e wan finish. I no be small pikin." Òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 24

Aago mẹ́wàá àárọ̀, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ti ń ronú pé bóyá wọ́n ti gbàgbé mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 25

Wọn ò gbàgbé mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 26

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Cecilia ló mú ìmọ̀ràn wá. Ó ní ohun tí sím yẹn ń ṣe, ṣebí ó kàn ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹni kan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni, àwa náà ò ṣe lè ṣe é? A gbé tábìlì mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ̀, kí láptọ́ọ̀pù lè máa lo dátà tirẹ̀. Ràímì ní òun ò ní gbé èrò lónìí, òun á dúró lẹ́nu géètì kí fóònù mi lè máa lo tòun. Láptọ́ọ̀pù àti fóònù á jọ wà nínú kíláàsì, tí ọ̀kan bá kú, òmíràn á wà níbẹ̀. Mojeed dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú tiẹ̀ bí agbábọ́ọ̀lù tó ń retí kí wọ́n pe òun wọlé.

Màámi ti wẹ̀, wọ́n ti wọ aṣọ Jímọ̀ wọn. Mo ní kí lẹ ń múra sí? Wọ́n ní tí àwọn òyìnbó bá yọjú ńkọ́?

Aago mẹ́rin lù, mo wọlé. Kò sí ẹnìkankan nínú kíláàsì. Mo dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, mo dúró mẹ́wàá. Mo ti gbà pé wọ́n ti lé mi láìsọ fún mi. Mo fi fóònù Mojeed pe Faridah.

"Sister mi, aago mẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ lù níbí ni," ó ní. "Wọ́n ti fa aago sẹ́yìn fún ìgbà òtútù. Aunty Wùmí ò sọ fún yín ni?"

Màámi ní, "Wọ́n ń fa aago sẹ́yìn? Ta ló fún wọn láṣẹ?" Wákàtí kan tí Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ yẹn la fi dán gbogbo rẹ̀ wò. Ó tún dáa tí a dán an wò, torí pé ti Cecilia kú lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí aago tiwọn lu mẹ́rin, gbogbo wọn yọ: ọmọ mẹ́fà, àwọn òbí, Aunty Wùmí pẹ̀lú ìwé àti bírò. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní kété tí mo ní ẹ káàsán. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ó kan Ọlábámijí. Mo la ẹnu láti pè é, láptọ́ọ̀pù sì dì. Ti Cecilia ti lọ.

Mo yíjú sí fóònù. Màámi ló gbé e dání, ojú wọn ló sì kún inú rẹ̀ láti àgbọ̀n dé gèlè. Gbogbo London ń wo ìyá mi. Mo fẹ́ já a gbà, Mojeed di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ọmọ mi," ni Màámi wí.

Ọlábámijí sọ̀ kalẹ̀ lórí àga rẹ̀. Mo rò pé ó ń sá lọ ni, àfi bó ṣe kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà. Orúkọ mi ni Ọlábámijí."

"Ọlá á máa bá ẹ jí lóòótọ́! Ta ló sọ ẹ́ lórúkọ yìí?"

"Ìyá... ìyá àgbà mi."

"Ṣé wọ́n wà?"

Ọmọ náà mi orí. "Rárá, mà. Wọ́n ti kú."

"Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Èmi náà, ìyá àgbà rẹ ni mí láti òní lọ."

Ọmọ náà rò ó wò díẹ̀. "Ṣé ẹ ní adìẹ?"

Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Màámi ti gbé fóònù jáde sínú òjò lọ sídìí àgò adìẹ onílé, tí Cecilia sì ń fi agboòrùn bò wọ́n lórí. Orí ló yọ mí pé ẹ̀gbẹ́ géètì ni àgò náà wà. Ràímì na fóònù tirẹ̀ sókè, ó rẹ gbindin, ó ń sún mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó má baà já. Màámi ń ka adìẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, Ọlábámijí ń kà á tẹ̀lé wọn, ó ka mẹ́sàn-án láìfi òyìnbó sí i. Mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń fa imú.

Nígbà tí wọ́n fi máa wọlé, láptọ́ọ̀pù ti wà lórí ti Mojeed. Wákàtí pé. Kò já.

Kí Aunty Wùmí tó lọ, wọ́n ní, "Aunty Rùkáyátù, bí ẹ ṣe gbé ìyá àgbà wọlé yẹn wú mi lórí gan-an. Ẹ ti ń gbèrò rẹ̀ tipẹ́ ni?"

Mo ní tipẹ́tipẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 29

Wọ́n ti gbà mí! Ìwé ìgbanisíṣẹ́ dé láàárọ̀ yìí. Àwọn òbí sì ń bèèrè bóyá ìyá àgbà á máa yọjú lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Màámi ní àwọn á rò ó wò, wọ́n sì ti ń bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá gèlè pupa dára jù lójú fídíò.

Cecilia ní fèrèsé òun ni ọ́fíìsì mi láti ìsinsìnyí lọ, pé kí n ṣáà má fọwọ́ kan ẹja. Mo ti fi sím Faridah sínú àpòòwé. Ó gbìyànjú, kó máa sinmi.

Mo tún yí WhatsApp padà sí nọ́ńbà mi àtijọ́. Mo ka gbogbo ohun tó bi mí dáadáa lọ́tẹ̀ yìí kí n tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, síbẹ̀ ó tún lọ ròyìn mi. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí Uncle Shittu fi kọ̀wé láti Ṣakí: "Káàbọ̀ o, ọmọ mi. Kí lo rà bọ̀ fún wa?"

Mo ṣì ń wá ohun tí mo máa kọ nígbà tí Màámi gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ ibi tí wọ́n ń gba ohùn sí, wọ́n sì gbé e súnmọ́ ẹnu.

"Shittu, Rùkáyátù ò lọ síbì kankan o. Ìlú òyìnbó ló ń wá bá a ní Ìkòsí, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n sì ń kúnlẹ̀ kí wọ́n tó bá a sọ̀rọ̀. Sọ fún gbogbo wọn níbẹ̀."